Ohùn Ajísààrì, Mo Jí

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí Riad tó tún lọ sọ tirẹ̀ fún àwọn oníròyìn.

Ganiatou ni orúkọ mi. Aránṣọ ni mí, ní Tokpota, ní Àjàṣẹ́ yìí tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ pátápátá, mo ta gìtá básì nínú ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì kan, èmi ni mo sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ náà ń kọ lórin. Ìpàǹtí ni a pe ara wa. Ìyá mi ló sọ wá lórúkọ láìmọ̀. Ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, ó wo ṣòkòtò wa tó ya lórúnkún, ó ní irú ìpàǹtí wo ló dé bá òun nílé yìí.

Bí ẹ ò bá mọ orin pọ́ǹkì, ẹ má da ara yín láàmú. Orin ẹni tí inú ń bí ni, tí kò sì ní sùúrù láti kọ́ gìtá dáadáa. Ó yára, ó pariwo, kì í pẹ́ tó fi ń tán. Inú ti ń bí mi láti kékeré, nítorí náà ó bá mi lára mu.

Wassim ló ń lu ìlù. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó kéré sí mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Riad ló ń kọrin. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni bàbá Riad, àmọ́ Kútọ̀nù ni wọ́n ti tọ́ Riad dàgbà, Faransé ni wọ́n sì fi tọ́ ọ. Nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Mariatou, ní Dowa, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju kó kí èèyàn kó sì tọrọ oúnjẹ lọ. Ohun tí mo bá kọ ló ń gbé sórí, bí ọmọ iléèwé ṣe ń gbé àkọ́sórí. Ṣùgbọ́n ó ga, ó pupa, ohùn rẹ̀ sì lágbára. Bó bá ti gbé míkíró báyìí, àwọn ọmọbìnrin á dìde dúró lórí àga. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò.

Ibi tí orin wa ti wá gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bàbá mi, Aboubakar, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Bubakari, ajísààrì ni. Nínú oṣù ààwẹ̀, kí ojúmọ́ tó mọ́, bàbá mi á ti jáde nílé. Á rìn láti Tokpota títí dé Dowa, á máa lu irin àárín táyà mọ́tò kan tó fi okùn gbé kọ́ èjìká, á sì máa ké pé kí àwọn mùsùlùmí jí, kí wọ́n dáná sààrì kí àsìkò tó lọ. Ogójì ọdún ló fi ṣe é. Kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ̀ há bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù nílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kì í jí.

Ohun méjì péré ló ń sọ: "Ẹ jí!" àti "Oorun ò gbè yín!" Ó máa ń gé "jí" yẹn kúrú ni, gbà, bí ẹni fi àdá gé ẹ̀ka igi. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò fà á kó dùn bíi tàwọn olórin. Ó gbé irin rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí.

"Gani, jí tí à ń jí lójú oorun, jí tí olè ń jí ẹrù, ohùn kan náà ni. Ìrù ni wọ́n fi yàtọ̀. Bí o bá fà á, tí ohùn rẹ sì wálẹ̀ díẹ̀, ó di jí i. Ajísààrì tó bá fún jí nírù ti sọ ara rẹ̀ di olè ládùúgbò."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sùn sínú mi lọ́hùn-ún, ó ń dúró de àsìkò rẹ̀.

Ọdún 2017 ni a ṣe àwo orin àkọ́kọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Dowa, ti ẹ̀gbọ́n bàbá Wassim, la ti gbà á sílẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n lọ kírun. Èérún pákó ń wọ wá lẹ́nu. Mo bẹ bàbá mi pé kó wá. Ó kírun tán, ó wá pẹ̀lú fìlà Jímọ̀ lórí àti irin rẹ̀ lọ́wọ́, ó lù ú, ó ké "Ẹ jí!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta sínú míkíró tí a yá, ó ní ṣé ó ti parí, kóun máa lọ. Ó ti parí lóòótọ́. Orí igbe yẹn la kọ gbogbo orin tó kù lé. Èmi náà ni mo kọ ègbè rẹ̀, mo gé "jí" kúrú bí bàbá mi ṣe ń gé e. Riad kọ àwọn tó kù.

A pe àwo náà ní Ẹ Jí. Ìwé tí a fi bò ó, ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́ kí a tó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ orin: Ganiatou. Ohùn àti irin: Aboubakar, ajísààrì Tokpota." Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ ń rà á. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kó orin sínú tẹlifóònù fún èèyàn ní ọjà Ouando gbà á, ló bá di pé a ń gbọ́ ara wa lẹ́nu ọ̀nà tí a ò mọ̀. Bàbá mi ò mọ̀wé Faransé, kò mọ̀wé Yorùbá, Lárúbáwá nìkan ló ń kà. Mo fi ìka mi hàn án níbi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ó fọwọ́ pa á, ó gbé àwo náà sínú àpótí tó ń kó Kùránì rẹ̀ sí.

Ọdún kejì rẹ̀, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, bàbá mi kú. Ọjọ́ fìdáù, Riad wá. Ó sunkún ju èmi tí mo jẹ́ ọmọ lọ. Kó tó lọ, ó bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní irin bàbá mi, pé òun fẹ́ fi ya fọ́tò kan péré, kí àwọn èèyàn lè máa rántí wọn. Mo yá a. Ẹni tó sunkún báyẹn, ta ló máa ro ibi sí i?

Láàárín oṣù yẹn náà ni ọkùnrin kan láti Kútọ̀nù gbọ́ àwo wa. Pàtíróọ̀nù, ìyẹn Ọ̀gá, ni gbogbo ayé ń pè é, mi ò sì wá orúkọ rẹ̀ gangan. Ó ní sitúdíò, ó mọ àwọn tó ń jókòó sí ilé rédíò, ó sì mọ ohun tó ń tà. Ó sọ fún Riad pé aránṣọ tó wé ìborí, tó gbé básì kọ́rùn, kò lè tà. Wọn ò pè mí láti sọ fún mi. Orí afíìṣì ńlá kan, àwòrán ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìkóríta, ni mo ti rí i. Wọ́n ti sọ Ìpàǹtí di Ipanty, wọ́n fi lẹ́tà tí kì í parí ọ̀rọ̀ nínú èdè wa parí rẹ̀. Wassim ṣì wà nídìí ìlù, ṣùgbọ́n básì ti wà lọ́wọ́ ọmọ Kútọ̀nù kan. Àwo kejì ń bọ̀, Debout ni wọ́n pè é, ìyẹn "dìde dúró" ní Faransé. Riad ló wà láàárín, ó la ẹnu, ó gbé irin bàbá mi sáyà.

Mo ra àwo náà. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni igbe bàbá mi, ohùn rẹ̀ gan-an, tí wọ́n gé kúrò nínú tiwa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ tiwọn. Mo yí i sẹ́yìn. "Paroles et musique: Riad." Ìyẹn ni pé Riad ló ni ọ̀rọ̀, Riad ló ni orin. Ibì kankan ò sí Aboubakar.

Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà ìlú wa, lọ bá a ní Dowa. Mi ò bá a jà. Mo sọ fún un pé tèmi ò ṣe nǹkan kan, kó yọ Ganiatou dànù bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó dá orúkọ bàbá mi padà sẹ́yìn àwo yẹn. Ó ń fi tẹlifóònù ṣeré. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Gani, lórí afíìṣì, orúkọ kan ti tó. Sẹ kọ̀m sà, bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá rẹ ti kú, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo bi í léèrè irin. Ó ní irin ti di àmì ẹgbẹ́, kò ṣeé dá padà mọ́. Mo jáde. Ìyá Mariatou, ìyá bàbá rẹ̀, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó kí mi, ó fún mi ní omi, ó ní kí Ọlọ́run fi bàbá mi sí alùjáńnà. Mo ní àmín.

Debout tà. Kí n má tàn yín, ó tà gan-an. Wọ́n gbé wọn lọ sí Lomé, wọ́n gbé wọn lọ sí Abíjáàn. Wọ́n fi igbe bàbá mi polówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bàbá mi tí kì í jẹ́ kí omi kan òun lẹ́nu tí oòrùn bá ti yọ nínú ààwẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí ń ké "Ẹ jí!" ní ojú títì, wọ́n sì rò pé Riad ló dá a. Oníbàárà mi kan gbé aṣọ wá kí n rán an, ó ní kí n kọ Ipanty sí i láyà. Mo rán an. Mo gba owó iṣẹ́ mi. Mo gún ìka mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́yìn zẹ́mì láti Ouando, ọlọ́kadà náà ń gbọ́ orin lórí tẹlifóònù. Debout ni. Ohùn bàbá mi kọ́kọ́ ké, ó gé e kúrú. Riad wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Riad ní àṣà kan? Bó bá dé òpin ìlà orin, á fà á, á wá jẹ́ kí ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ garawa sí kànga. Àṣà yẹn ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nígbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́, èmi ni mo ń kọ ègbè "Ẹ jí", nítorí náà mi ò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu tirẹ̀ kí n fara balẹ̀ sí i. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Bàbá mi ní "Ẹ jí." Riad ní "Ẹ jí i."

Bàbá mi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jí. Riad ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ jalè.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rín in débi pé ọlọ́kadà dúró, ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi kò yá tó báyìí rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Ó kù kí wọ́n wá bá mi fúnra wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n á wá, nítorí kànga Riad kò ní omi. Ẹlòmíràn ló ń bá a pọn ọ́n.

Ọdún kẹta ni wọ́n wá. Wassim ni wọ́n rán. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó jẹ gbèsè ìtìjú. Ó ní Pàtíróọ̀nù ń fẹ́ orin "jí" mìíràn fún àwo kẹta, pé àwo méjèèjì tí wọ́n ti ṣe, "jí" ló tà á. Riad ti gbìyànjú láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Faransé ló ń jáde, kò sì dùn. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́.

Mo bi í bóyá orúkọ bàbá mi á wà níbẹ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ti bi Riad, Riad ní rárá. Mo ní kò burú. Ó gbójú sókè kíá, ó rò pé òun ò gbọ́ mi dáadáa. Mo ní màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo fẹ́. Èkíní, Àjàṣẹ́ ni kí wọ́n ti kó o jáde, ní pápá Dowa, ní ọ̀sán, kí wọ́n to àga síwájú fún àwọn àgbà. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ Riad bó ṣe máa kọ ọ́.

"Kó fà á bó ṣe máa ń fà á," mo ní. "Bó ṣe ń fà á yẹn ló wù mí jù."

Mo fa bébà tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ yọ. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí mo ti kọ ọ́ sínú tipẹ́.

Ohùn ajísààrì, mo jí.
Irin ajísààrì, mo jí.
Orin ajísààrì, mo jí.

Kí èrò wá gbè é pé: Ó jí!

Ẹ kà á bó ṣe wà lórí bébà, kò sí àléébù lára rẹ̀. Ọmọ dáadáa kan ni, ó gbọ́ ohùn ajísààrì, ó jí. Mùsùlùmí òdodo. Wassim gbà á, ó ń kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ohùn Riad. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wò mí. Mo wò ó. Ó ká bébà náà ní mẹ́rin, ó fi í sápò, ó ní ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n.

Ìyá mi gbọ́ sí i. Ó ní bí mo bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kí n má gbẹ́ ẹ jìn, torí èmi náà lè jìn sí i. Mo ní Ìyá, mi ò gbẹ́ kòtò kankan, mo yá a lọ́kọ́ ni, òun ló máa gbẹ́ ẹ. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Abíjáàn ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo Jí ni wọ́n pe àwo náà. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ó ku ọjọ́ méjì, mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mariatou láti pè é síbi ìkójáde náà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ orin ariwo, àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ òun ló ń kọ ọ́, òun á wá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ bàbá mi.

"Ohùn wọn ni mo fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run tún dá mi sí di ààwẹ̀ ọdún mìíràn," ó ní. "Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, tẹlifóònù ló ń jí mi. Kì í ṣe ọ̀kan náà."

Mo fẹ́ẹ̀ sọ fún un. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dé orí ahọ́n mi. Àgbàlagbà tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí? Nígbà náà ni mo rí afíìṣì tuntun lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, Riad àti irin bàbá mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní Ìyá, ẹ tètè dé, kí ẹ rí àga iwájú jókòó.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì ọjọ́ Sátidé, pápá Dowa kún. Àwọn ọmọ iléèwé wá, àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi wá, àwọn bàbá tó ti ilé kéwú bọ̀ wá. Àwọn kámẹ́rà wà níbẹ̀. Pàtíróọ̀nù wọ kóòtù nínú ooru. Riad jáde. Ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún bíi tàtijọ́, àmọ́ wọ́n ní Paris ni wọ́n ti bá a ya á. Ó gbé irin bàbá mi sókè, ó lù ú, èrò hó.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. "Ohùn ajísààrì, mo jí i..." Ó fà á, ó sọ ọ́ wálẹ̀, bíi ti garawa. Àwọn èèyàn wo ara wọn. "Irin ajísààrì, mo jí i..." Irin náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó fi ìborí bo ẹnu. "Orin ajísààrì, mo jí i..." Ẹ̀rín gba pápá kan. Nígbà tó nawọ́ míkíró sí èrò kí wọ́n gbè é, ẹgbẹ̀rún ẹnu ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó jí i!"

Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Ó tún un kọ, ó fà á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì tún dá a lóhùn, àwọn ọmọdé ń fò sókè. Mo dúró lẹ́bàá òpó iná. Mo ń gbádùn rẹ̀. Mi ò ní sọ pé mi ò gbádùn rẹ̀.

Ni Ìyá Mariatou bá dìde. Ó fi ọ̀pá rìn lọ sí iwájú ìtàgé. Àwọn èèyàn ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Riad rí i, ó dá ìlù dúró. Ọmọ tó mọ ibi tí kámẹ́rà wà ni, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, ó gbé míkíró sí wọn lẹ́nu kí ayé lè gbọ́ àdúrà.

"Riad," ni ìyá wí, "ṣé o jí i?"

Ṣé ẹ rántí pé Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ìkíni lọ? Láràárọ̀ ni ìyá yìí máa ń bi í pé ṣé o jí, òun náà á sì dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó sì fi ohùn orin dá wọn lóhùn láti mú èrò dùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo jí i..."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Mariatou wò ó pẹ́.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Kò yé Riad. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Wassim ló tẹ̀ sí míkíró tirẹ̀ lẹ́yìn ìlù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi Faransé túmọ̀ rẹ̀ fún un, tí gbogbo pápá gbọ́: Ìyá bi ọ́ pé ṣé o jalè, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá ń bi ọ́ pé lọ́wọ́ ta lo ti jí i.

Mo ti ń dúró láti ọdún mẹ́ta láti rí ojú yẹn. Ó pọ́n, ó funfun, ó wá di eérú. Ìyá Mariatou na ọwọ́, ó gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. "Irin Bubakari nìyí," ó ní. "Ogójì ọdún ni wọ́n fi jí mi." Ó gbé e mọ́ra, ó yí padà, ó ń lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kò dùn mọ́ mi nínú gbogbo rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fídíò náà ti wà lórí tẹlifóònù gbogbo èèyàn. Àwo Mo Jí tà ju méjì ìṣáájú lọ ní àpapọ̀, nítorí gbogbo ẹni tó rí fídíò náà fẹ́ gbọ́ orin tí olè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní Kútọ̀nù ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Àwọn ọlọ́kadà sọ Riad lórúkọ, Ójíi. Bó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, Ójíi. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, Ójíi. Orin rẹ̀ tà, ó di olówó, kò sì lè rìn ní ojú títì.

Ọjọ́ Ajé, Ìyá Mariatou mú Riad wá sílé wa. Ó ti fi aṣọ funfun wé irin náà. Riad dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Pàtíróọ̀nù ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń tà. Wọ́n tún ẹ̀yìn Debout àti Mo Jí tẹ̀: "Ohùn, irin àti ìpè: Aboubakar, ajísààrì Tokpota. Ọ̀rọ̀ orin: Ganiatou." Mo kó wọn sínú àpótí Kùránì bàbá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ pa.

Ohun tí mo wá nìyẹn, ó sì ti dé ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ Ajé yẹn náà, Ìyá Mariatou di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní ṣé mo ti dárí ji ọmọ òun. Mo ní mo ti dárí jì í. Riad gbójú sókè nílẹ̀ níbẹ̀.

"Gani, pàdọ́n, forí jì mí. Bá mi yọ ìrù yẹn kúrò. Kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Ọ̀sán kan gbáko la fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo ní sọ "jí". Ó ní "jí i". Mo ní gé e. Ó gé e, ó tún yọ́ wálẹ̀. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó nu ojú, kó tún un sọ. Nígbà tí oòrùn ń lọ, ó ti mọ̀ ọ́n. "Jí." Gbà. Bí àdá. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Mo kọ́ ọ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n kọrin ní Sèmè-Kpodji, ní etí òkun, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo lọ. Mo dúró láàárín èrò bí ẹnikẹ́ni. Riad jáde. Kò gbé irin kankan dání. Ó di ojú, ó sì kọ ọ́.

"Ohùn ajísààrì, mo jí."

Ó gé e kúrú. Ó mọ́, ó le, kò nírù. N ò gbọ́ ohun tó jọ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Èrò ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ti wá láti pariwo, ẹnu wọn ti là, kò sí ìrù tí wọ́n máa dì mú. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo rí i pé bó bá lọ báyẹn lọ́jọ́ yẹn, orúkọ Ójíi parí nìyẹn. Ní Kútọ̀nù náà á parí. Èèyàn kì í pẹ́ gbàgbé. Riad la ojú, ó ń wá mi láàárín wọn, ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó gbé ọwọ́ sáyà láti dúpẹ́.

Orúkọ bàbá mi wà lẹ́yìn àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irin wọn wà nílé. Mo ti sọ fún Ìyá Mariatou pé mo ti dárí jì í.

Mo tú ìborí mi díẹ̀ ní ọrùn kí ẹnu mi lè là dáadáa, mo sì fa ìrù náà fún un. "I-i-i..." Gbogbo etí òkun gbà á lẹ́nu mi.